King ni ọkọ mi ń jẹ́, kí ló dé tí ìwé Kánádà ń pe bàbá ńlá rẹ̀ ní Roy àti Desjardins?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlú Lowell ní Massachusetts ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, òyìnbó ni ọkọ mi, King sì ni orúkọ ìdílé wọn. Kí bàbá bàbá rẹ̀ tó kú, ó sọ pé Faransé Kánádà ni àwọn, pé iṣẹ́ ilé ìhunṣọ ló gbé àwọn wá síbí. Mo fẹ́ kí àwọn ìbejì mi mọ orírun wọn lọ́tùn-ún lósì. Mo wá King títí ní Québec, n kò rí i. Ìgbà tí mo wá rí ìwé ìrìbọmi kan tó jọ ti ẹbí wọn, 'Roy dit Desjardins' ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọmọ bàbá kan, ọmọ ìyá kan, ọ̀kan ń jẹ́ Roy, èkejì ń jẹ́ Desjardins. Ìyá wọn náà, orúkọ tó yàtọ̀ pátápátá sí ti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sin ín. Ṣé wọn ò fẹ́ra wọn ni? Àbí nǹkan kan wà tí wọ́n ń fi pamọ́? Orúkọ wo ni kí n kọ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ?" Ìyá Ìbejì ló kọ ọ́.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ìwádìí, ẹ sì kú ìtọ́jú ọmọ. Kò sí àṣírí kankan níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ra wọn, ní ṣọ́ọ̀ṣì, níwájú Fádà àti ẹlẹ́rìí. Àwọn ọmọkùnrin méjèèjì yẹn, ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n lóòótọ́. Ohun tó ń dà yín láàmú ni pé orúkọ ìdílé àwọn ará Québec àtijọ́ kì í dúró sójú kan. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá gbé irú ìwé báyìí wá bá mi: ẹ má tẹ̀lé orúkọ, ìgbéyàwó ni kí ẹ máa tẹ̀lé. Orúkọ á ṣì yín lọ́nà. Ìgbéyàwó kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ìdí tí màá fi hàn yín láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú King. Ọ̀rọ̀ Faransé ni Roy, ọba ló túmọ̀ sí. Láàárín 1840 sí 1930, nǹkan bí 900,000 nínú àwọn Faransé Kánádà ló kó lọ sí Amẹ́ríkà, púpọ̀ nínú wọn sì tẹ̀dó sí New England: Lowell tiyín níbẹ̀ yẹn, Fall River, Manchester ní New Hampshire, Woonsocket ní Rhode Island, Lewiston ní Maine. Ilẹ̀ oko ti há mọ́ wọn nílé, àwọn ilé ìhunṣọ sì ń wá òṣìṣẹ́, àti bàbá àti ìyá àti ọmọ. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé tí kò gbọ́ Faransé, orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Àwọn kan túmọ̀ tiwọn: Roy di King, Boisvert di Greenwood, Leblanc di White, Boulanger di Baker, Lévesque di Bishop. Ti àwọn mìíràn, bí akọ̀wé ṣe gbọ́ ọ ló ṣe kọ ọ́: Benoit di Benway, Thibault di Tebo, Archambault di Shambo. Èyí tó máa ń wú mi lórí jù ni Courtemanche. Bí ẹ bá la orúkọ yẹn sí méjì, ọwọ́ ẹ̀wù kúkúrú ló ń sọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan nínú ìdílé náà ṣe di Shortsleeves ní Amẹ́ríkà.

Nítorí náà, kò lè ya èèyàn lẹ́nu pé ẹ wá King ní Québec, ẹ ò rí i. Orúkọ yẹn kò sí lára wọn nígbà tí wọ́n wà níbẹ̀. Kì í sì í ṣe gbogbo ọmọ ilé kan náà ló máa ń mú orúkọ kan náà nígbà tí wọ́n bá kọjá ààlà. Ọgbà ni Desjardins ń tọ́ka sí, àwọn Desjardins mìíràn sì di Gardner ní Amẹ́ríkà. Bí ẹ bá rí Gardner kan nínú ìwé ìkànìyàn, ládùúgbò kan náà pẹ̀lú àwọn King yín, ẹ má ṣe fojú fò ó.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kékeré tó wà láàárín orúkọ méjèèjì, "dit". Dí ni wọ́n ń pè é, lẹ́tà t ìparí rẹ̀ kì í dún. Ó túmọ̀ sí "tí wọ́n ń pè ní". Bó bá jẹ́ obìnrin, "dite" ni wọ́n ń kọ. Roy dit Desjardins ni Roy tí wọ́n ń pè ní Desjardins. Ẹni tó bá mọ orúkọ àlàjẹ́ á tètè lóye rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tó ti yàtọ̀ sí tiwa ni pé àwọn ọmọ máa ń jogún rẹ̀, àwọn kan nínú wọn á sì fi í rọ́pò orúkọ àkọ́kọ́ pátápátá.

Púpọ̀ nínú àwọn orúkọ yìí, ọ̀dọ̀ àwọn ṣọ́jà ni wọ́n ti wá. Ní 1665, Louis kẹrìnlá, ọba Faransé, rán ẹgbẹ́ ọmọ ogun Carignan-Salières lọ sí Kánádà láti bá àwọn Iroquois, ọmọ onílẹ̀ apá ibẹ̀, jà. Wọ́n tó nǹkan bí 1,200. Ó wọ́pọ̀ kí ṣọ́jà ní orúkọ ogun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń pè é: Lafleur, ìyẹn òdòdó, Sansouci, ẹni tí kò ní ìdààmú, Lajeunesse, ìgbà èwe, Tranchemontagne, ẹni tó ń la òkè ńlá sí méjì. Nígbà tí ìjà náà rọlẹ̀, nǹkan bí 400 nínú wọn gbà láti dúró, ọba fún wọn nílẹ̀, wọ́n sì di àgbẹ̀. Orúkọ ogun bá wọn dé oko, ó bá wọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó bá wọn wọnú ìwé ilẹ̀.

Ó ní ti àwọn mìíràn tó jẹ́ pé ibi tí wọ́n ti wá ni wọ́n fi ń pè wọ́n: Langevin ni ará Anjou, Picard ni ará Picardie, Larochelle ni ẹni tó ti La Rochelle wá. Ó sì ní ti ilẹ̀ tí wọ́n ń dáko sí. Nicolas Rivard dit Lavigne kó láti Tourouvre ní Faransé wá sí Batiscan létí odò Saint-Laurent, nígbà tó sì fi máa di ọjọ́ àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ, ìdílé náà ti pín sí Lavigne, Lanouette, Loranger, Lacoursière àti àwọn mìíràn. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn. Ẹ ro ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní abúlé tí Pierre Rivard mẹ́rin ti ń gbé létí ara wọn, tí wọ́n jọ ń gba ilẹ̀, tí wọ́n jọ ń jẹ gbèsè. Nótárì, òṣìṣẹ́ òfin tó ń kọ ìwé ilẹ̀ àti ìwé àdéhùn, gbọ́dọ̀ mọ Pierre tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ohun tí "dit" wà fún nìyẹn.

Ẹ̀ka Roy dit Desjardins tí ẹ rí yẹn ní orísun tí a mọ̀ dáadáa. Ọ̀kan lára àwọn ṣọ́jà 1665 ni Antoine Roy dit Desjardins, ọmọ Joigny ní Burgundy. Ní 1668 ó fẹ́ Marie Major ní ìlú Québec. Marie jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n ń pè ní Filles du Roi, Àwọn Ọmọbìnrin Ọba, nǹkan bí 770 obìnrin tí ọba Faransé fi owó ara rẹ̀ kó lọ síbẹ̀ láàárín 1663 sí 1673 kí àwọn ọkùnrin lè rí ìyàwó fẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo ni Antoine àti Marie bí, Pierre lorúkọ rẹ̀, láti ara ọmọ kan yẹn ni ìran náà ti gbòòrò, àwọn kan ń jẹ́ Roy, àwọn kan ń jẹ́ Desjardins.

Ẹ wo ẹnì kan tí gbogbo Québec mọ̀ kí ẹ lè rí bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Alphonse Desjardins ló dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ìfowópamọ́ àkọ́kọ́ ní Àríwá Amẹ́ríkà sílẹ̀ ní Lévis ní Oṣù Kejìlá 1900, èyí tó di ilé owó ńlá tó ń jẹ́ Desjardins títí dòní. Bàbá rẹ̀ ń jẹ́ François Roy dit Desjardins. Ìyá rẹ̀ ń jẹ́ Clarisse Miville dit Deschênes. Ọkùnrin náà gan-an, Gabriel-Alphonse ni wọ́n fi rì í bọmi ní 1854. Ẹni tó bá ń wá Gabriel Roy kò ní mọ̀ pé òun ti bá Alphonse Desjardins pàdé. Roy ti já bọ́, "dit" ti já bọ́, orúkọ àkọ́kọ́ tí Fádà kọ náà kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. Láàárín bàbá sí ọmọ ni gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀. Nígbà ayé Alphonse ni "dit" ń kásẹ̀ nílẹ̀ káàkiri Québec, tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ń yan orúkọ kan dì mú. Bí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ò bá sì yan ọ̀kan náà, ohun tí ẹ rí yẹn náà ló máa ń yọrí sí.

Ẹ ṣọ́ra níbì kan o. Roy pọ̀ ní Québec ju ẹyọ ìran kan lọ. Roy dit Audy wà, Roy dit Lauzier wà, àwọn Leroy tó wá láti Dieppe wà, tí àwọn ọmọ wọn ń jẹ́ Roy lásán. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ẹbí ara wọn. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí pé mo tọ ipasẹ̀ Joseph Roy kan fún oṣù mẹ́rin, torí pé orúkọ rẹ̀ bá ti ẹni tí mo ń wá mu, ọjọ́ orí rẹ̀ bá a mu, ìjọ kan náà ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún àwọn méjèèjì. Ọjọ́ tí mo rí ìwé ìgbéyàwó rẹ̀ ni mo rí i pé ìyá rẹ̀ yàtọ̀. Ìran ẹlòmíràn ni mo ti ń kọ fún ìdílé tó gbọ́kàn lé mi. Ó dùn mí gan-an, láti ọjọ́ náà ni n kì í ti í fi orúkọ ẹnikẹ́ni sára igi ìdílé láìjẹ́ pé mo ti ka ìwé ìgbéyàwó rẹ̀ fúnra mi.

Ọ̀rọ̀ ìyá tí wọ́n fi orúkọ mìíràn sin ló kàn. Ìyá Ìbejì, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni yín. Ẹ mọ̀ pé bí obìnrin bá ti ẹ̀ lo ogójì ọdún nílé ọkọ, oríkì ilé bàbá rẹ̀ ni wọ́n fi ń kí i láàárọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ìwé àwọn ará Québec. Orúkọ tí bàbá bí obìnrin sí ló ń jẹ́ nígbà ìrìbọmi, òun ló ń jẹ́ nígbà ìgbéyàwó, nígbà tó bá ń mú ọmọ wá fún ìrìbọmi, nígbà tó bá ń tọwọ́ bọ̀wé lọ́dọ̀ nótárì, àti lọ́jọ́ tí wọ́n bá sin ín. Fádà á kọ orúkọ rẹ̀, á wá fi kún un pé ìyàwó lágbájá ni. Ládùúgbò, wọ́n lè máa pè é ní Màdáámù Roy, ṣùgbọ́n ìwé kò mọ ìyẹn. Láti 1981, òfin Québec gan-an ló sọ pé orúkọ tí wọ́n fi bí obìnrin ni yóò máa lò fún ohun gbogbo tó bá jẹ mọ́ ìjọba, ìgbéyàwó kò lè yí i padà. Láti ìgbà yẹn náà ni òfin ti gbà kí ọmọ jẹ́ orúkọ bàbá, tàbí ti ìyá, tàbí méjèèjì pọ̀.

Èyí ni ẹ̀bùn tó tóbi jù tí àwọn ìwé wọ̀nyí fún wa. Lọ́pọ̀ ibi láyé, bí obìnrin bá ti wọ ilé ọkọ, ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀ ti dí mọ́ ẹni tó ń wá ìtàn. Ní Québec, ẹ lè wá ìyá ìyá ìyá ọkọ yín dé 1660, ìrọ̀rùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti bàbá.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ìwé náà gan-an. Ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ló ń kọ gbogbo ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú. Ní Faransé, àṣẹ ọba ti 1539 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, òmíràn sì tún un ṣe ní 1667. Ìwé méjì ni Fádà ń kọ, ọ̀kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, èkejì lọ sí ilé ẹjọ́, tó fi jẹ́ pé bí iná bá jó ọ̀kan, èkejì á kù. Iná ti jó wọn rí kí àṣà ìwé méjì yẹn tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní Oṣù Kẹfà 1640, ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní ìlú Québec jóná pẹ̀lú gbogbo ìwé rẹ̀ láti 1621. Àwọn Fádà jókòó, wọ́n tún un kọ láti inú ìrántí, ta ni wọ́n so pọ̀, ọmọ ta ni wọ́n rì bọmi. Irú ọwọ́ tí wọ́n fi mú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Títí ìparí 1993 ni ìwé ṣọ́ọ̀ṣì fi jẹ́ ìwé ìjọba fún ìbí, ìgbéyàwó àti ikú ní Québec. Ọjọ́ kìíní Oṣù Kìíní 1994 ni ìjọba tó gba iṣẹ́ náà sọ́wọ́ ara rẹ̀.

Ẹ mú ìwé ìgbéyàwó kan láàárín 1850 sí 1900, ẹ gbé e súnmọ́ ojú. Lápá òsì, létí ìwé, Fádà ti kọ orúkọ ìdílé ọkọ àti ìyàwó. Kì í fi nọ́ńbà kọ ọjọ́, ọ̀rọ̀ ló fi ń kọ ọ́, "mil huit cent soixante-deux", ìyẹn 1862. Lẹ́yìn náà ló máa sọ pé wọ́n ti kéde ìgbéyàwó náà lẹ́ẹ̀mẹta ní ìsìn. Ibi tó wà fún yín gan-an ló tẹ̀lé e. Orúkọ ọkọ, iṣẹ́ rẹ̀, "cultivateur" bó bá jẹ́ àgbẹ̀, ìjọ tó ń gbé, lẹ́yìn náà "fils majeur de", ọmọkùnrin tó ti dàgbà tó fún òfin, ọmọ lágbájá àti ti lámọrín. Orúkọ ìyá wà níbẹ̀, orúkọ ilé bàbá rẹ̀. Ìyàwó náà bẹ́ẹ̀, "fille mineure de" bí kò bá tíì pé ọdún mọ́kànlélógún. Bí ẹ bá rí "feu" níwájú orúkọ bàbá, tàbí "feue" níwájú ti ìyá, ó ti dolóògbé. Nísàlẹ̀, orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí, àwọn tó mọ̀wé kọ á tọwọ́ bọ̀ ọ́, Fádà á sì kọ ọ́ pé àwọn yòókù sọ pé àwọn kò mọ̀wé kọ.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ tẹ̀lé ìgbéyàwó nìyẹn. Ìwé kan ṣoṣo, òbí mẹ́rin. Ẹ fi òbí ọkọ wá ìgbéyàwó tiwọn, ogún ọdún sí márùndínlógójì sẹ́yìn, nínú ìjọ yẹn tàbí èyí tó múlé gbè é. Ìwé yẹn náà á tún fún yín ní mẹ́rin. Láti 1900, nǹkan bí ìgbéyàwó mẹ́jọ ni yóò gbé yín dé ọ̀dọ̀ ṣọ́jà tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ní 1665. Bí orúkọ bá yí láàárín ọ̀nà, láti Roy sí Desjardins tàbí láti Desjardins sí Roy, orúkọ ìyá á mú yín dúró. Roy tó bí ọmọ pẹ̀lú obìnrin kan àti Desjardins tó bí ọmọ pẹ̀lú obìnrin kan náà, ní ìjọ kan náà, ẹnì kan ṣoṣo ni.

Ohun kan wà tó máa ń dá àwọn olùwádìí dúró. Bí ọkùnrin bá ti fẹ́yàwó rí, tí ìyàwó sì kú, ìwé ìgbéyàwó rẹ̀ kejì kì í sábà dárúkọ òbí rẹ̀. "Veuf de" ni ẹ óò rí, pẹ̀lú orúkọ ìyàwó tó ti kú. Ẹ má sọ̀rètí nù. Ìyàwó àkọ́kọ́ yẹn ni kí ẹ fi wá ìgbéyàwó àkọ́kọ́, ibẹ̀ ni òbí wà. Opó obìnrin náà bẹ́ẹ̀, "veuve de".

Nípa orúkọ ìrìbọmi, ẹ jẹ́ kó yé yín pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ọmọkùnrin ni wọ́n fi Joseph ṣíwájú orúkọ rẹ̀, tí gbogbo ọmọbìnrin sì ń gba Marie. Joseph Louis Pierre Roy, Pierre ló lè máa jẹ́ nílé. Orúkọ bàbá ìrìbọmi tàbí ìyá ìrìbọmi náà máa ń wà láàárín. Bí ẹ bá sì rí Pierre méjì nínú ọmọ àwọn òbí kan náà, ẹ lọ wo ìwé ìsìnkú. Lọ́pọ̀ ìgbà ni àkọ́kọ́ ti kú lọ́mọdé, tí wọ́n sì fún ẹni tó tẹ̀lé e ní orúkọ rẹ̀.

Ẹ tún lè rí ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé ìgbéyàwó tó máa ká yín lára, nítorí èèwọ̀ ni nílé wa: "dispense du troisième degré de consanguinité". Ìyọ̀ǹda ni, tí ṣọ́ọ̀ṣì fún àwọn méjì tí wọ́n jẹ́ ẹbí láti fẹ́ra wọn. Ipò kẹta yìí sọ pé òbí àwọn òbí àgbà kan náà ni wọ́n jọ ní, ipò kẹrin sì lọ síwájú ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìran kan. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn èèyàn ibẹ̀ kò pọ̀ níye. Ìkànìyàn àkọ́kọ́ tí Jean Talon, aṣojú ọba níbẹ̀, ṣe ní 1666 rí nǹkan bí 3,200 òyìnbó ní gbogbo Faransé Tuntun, bí wọ́n ṣe ń pe ilẹ̀ náà lábẹ́ ọba Faransé. Iye kékeré yẹn àti àwọn díẹ̀ tó tún dé ni púpọ̀ nínú ìran ńlá òní ti ṣẹ̀ wá. Zacharie Cloutier, gbẹ́nàgbẹ́nà kan tó wá láti Perche ní Faransé, ní 10,850 àtọmọdọ́mọ tó ti ṣègbéyàwó kó tó di 1800. Bí ọkọ yín bá jẹ́ ọmọ Québec láti ìbẹ̀rẹ̀, àfàìmọ̀ kí Cloutier má wà nínú igi rẹ̀, bóyá lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Fún ìwádìí, ìyọ̀ǹda yẹn wúlò gan-an, torí bí ẹ bá ti kọ igi náà dáadáa, ẹ gbọ́dọ̀ rí bàbá ńlá tí ọkọ àti ìyàwó jọ ní, níbi tí Fádà sọ pé ó wà gẹ́lẹ́. Bí ẹ kò bá rí i, àṣìṣe wà níbì kan.

Ó wù mí kí ẹ sọ ohun kan fún àwọn ìbejì nígbà tí wọ́n bá dàgbà. Nínú ìwé Québec ìgbà yẹn kan náà ni a ti rí ọmọ Áfíríkà kan tí orúkọ rẹ̀ wà títí dòní. Ọmọdékùnrin láti Madagascar ni, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló mú un wá nígbà tí wọ́n gba Québec ní 1629, wọ́n sì tà á níbẹ̀ bí ẹrú. Ní 1633 wọ́n rì í bọmi, wọ́n pè é ní Olivier Le Jeune: Olivier láti ara Olivier Letardif, akọ̀wé kan níbẹ̀, Le Jeune láti ara Fádà Paul Le Jeune tó ń kọ́ ọ níwèé. Ó kú ní 1654. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé bàbá rẹ̀ kò wọnú ìwé. Mo máa ń rántí rẹ̀ nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé orúkọ ìdílé ló ń fi hàn ibi tí èèyàn ti ṣẹ̀ wá.

Ó kù kí ẹ bẹ̀rẹ̀, Lowell níbẹ̀ ni kí ẹ sì ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má tíì fò lọ sí Québec. Ẹ béèrè ìwé ìgbéyàwó bàbá àgbà ọkọ yín àti ti bàbá tó bí i. Massachusetts ti ń kó ìwé ìgbéyàwó jọ láti 1841, orúkọ òbí sì máa ń wà nínú wọn. Ẹ wo ìkànìyàn 1900 pẹ̀lú: ó bi àwọn àjèjì léèrè ọdún tí wọ́n wọ Amẹ́ríkà, ó sì ya Kánádà Faransé sọ́tọ̀ kúrò lára Kánádà Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sí ìwé ìjọ Saint-Joseph, ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn Faransé Kánádà ní Lowell ní 1868. Àwọn Fádà Faransé ni wọ́n ń kọ ọ́, bí wọ́n sì ṣe ń kọ ọ́ nílé ni wọ́n ṣe kọ ọ́ níbẹ̀. Ẹni tó jẹ́ King níwájú akọ̀wé ìlú lè jẹ́ Roy níwájú Fádà lọ́sẹ̀ kan náà. Ibi tí ìwé méjèèjì ti pàdé, ọjọ́ kan, ìyàwó kan, òbí kan, ni afárá tí ẹ ń wá. Lọ́pọ̀ ìgbà, Fádà á tún dárúkọ ìjọ tí wọ́n ti wá ní Québec.

Tí ẹ bá ti ní orúkọ ìjọ, iṣẹ́ ti rọrùn. FamilySearch, ìkànnì ìwádìí ìdílé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní àwòrán ìwé ìjọ Àgùdà Québec láti 1621 dé 1979, ọ̀fẹ́ ni. Ilé ìkàwé àti ìpamọ́ ìwé ti ìjọba Québec, BAnQ, ní ìwé àwọn nótárì, ọ̀fẹ́ ni ìyẹn náà, ibẹ̀ sì ni ẹ ti lè rí àdéhùn ìgbéyàwó àti pípín ogún tó dárúkọ gbogbo ọmọ. PRDH, iṣẹ́ ìwádìí nípa ìtàn àwọn èèyàn Québec tí Yunifásítì Montréal bẹ̀rẹ̀ ní 1966, ti so àwọn ìwé ìjọ ìgbà ìjọba Faransé pọ̀ ní ìdílé kọ̀ọ̀kan. Owó ni wọ́n ń gbà, ó sì tọ́ sí i. Ìwé Fádà Cyprien Tanguay, ìdìpọ̀ méje tó jáde láàárín 1871 sí 1890, ni àwọn àgbà ń lò. Iṣẹ́ akin ni fún ìgbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n àṣìṣe wà nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ kàn fi í wá ọ̀nà. Bí igi ìdílé ẹlòmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì bá bá tiyín mu, ẹ máa wò ó, ẹ má dà á kọ.

Bí ipasẹ̀ ìyá kan nínú wọn bá yà sí ọ̀dọ̀ àwọn Acadia, àwọn bíi Cormier, Landry tàbí Leblanc tó wá láti apá Nova Scotia, ọ̀nà tibẹ̀ yàtọ̀, nítorí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé wọn kúrò nílẹ̀ wọn láti 1755, púpọ̀ nínú ìwé ìjọ wọn sì ṣòfò. Ẹ kọ̀wé sí mi nígbà náà, ká jọ wò ó.

Ẹ bi mí pé orúkọ wo ni kí ẹ kọ. Ẹ kọ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan bí ìwé tirẹ̀ ṣe kọ ọ́. Ẹni tí ìwé pè ní Roy dit Desjardins, ẹ kọ gbogbo rẹ̀, ẹ má gé e kúrú. Ẹni tó di Desjardins, ẹ kọ Desjardins. Ẹni tó kọjá ààlà tó di King, ẹ kọ King, kí ẹ sì kọ Roy sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn ìyá gbogbo, orúkọ ilé bàbá wọn ni. Lórí ìlà tàwọn ìbejì, King ni kí ẹ kọ, pẹ̀lú Táíwò àti Kẹ́hìndé níwájú rẹ̀. Lórí ìlà tiyín, ẹ kọ orúkọ ilé bàbá yín ní Ìjẹ̀ṣà, bí Fádà Québec ì bá ti kọ ọ́ ká ní ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti so yín pọ̀.